Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Yógà fún Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a sọ̀rọ̀ ṣókí nípa yógà, ìdárayá tó ń lo ìdúró ara àti èémí, àti irú rẹ̀ kan tí wọ́n ṣètò fún àwọn tí ojú wọn ti rí màbo, ìyẹn àwọn tí bọ́ǹbù bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, àti àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Lẹ́tà pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà láti Abuja, Kàdúná àti Jos. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, a sì ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí wọ́n béèrè padà.

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà ni mo ń tà ní Nyanya. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ǹbù bú ní gáréèjì lọ́dún 2014, mi ò jìnnà síbẹ̀. Ọlọ́run yọ mí, ara mi ò tilẹ̀ bó. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí táyà bá bẹ́, tàbí tí ẹnì kan bá ju pákó sílẹ̀, n óò kàn bá ara mi lábẹ́ tábìlì ni. Ọmọ mi obìnrin mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ yógà. Wọ́n pa iná, wọ́n ní ká dùbúlẹ̀, ká dijú. Lójijì ni olùkọ́ gbé ọwọ́ lé mi léjìká láti ẹ̀yìn pé òun fẹ́ tún mi gbé kalẹ̀. Mo kígbe, mo sì sá jáde láìwọ bàtà. Ojú ń tì mí títí di ìsinsìnyí. Ṣé orí mi ló ti ń dàrú ni?
Ìyá ọlọ́jà, Nyanya

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ewu, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Orí yín kò dàrú rárá. Àwọn ènìyàn tó lé ní 70 ló pàdánù ẹ̀mí wọn ní gáréèjì Nyanya ní àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, lákòókò tí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ń wá ọkọ̀ wọ ìgboro. Pé ara ẹni kò bó nínú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọ pé ọkàn ẹni kò gbọgbẹ́.

Ohun tó ń ṣe yín ní àlàyé. Nínú ọpọlọ ọmọ ènìyàn, ibì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ewu, ó sì yára ju ibi tí a fi ń ronú lọ. Kí ẹ tó mọ̀ pé táyà ló bẹ́, ibẹ̀ ti pàṣẹ fún àyà yín pé kó máa lù kìkì, ó ti pàṣẹ fún ẹsẹ̀ yín pé kó sá, ó sì ti gé èémí yín kúrú. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ewu bá ti kọjá, ara a máa rọlẹ̀ padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fún àwọn mìíràn kì í rọlẹ̀, ọdún mẹ́wàá sì lè gorí ọdún kí ara wọn ṣì máa ṣọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Àìsàn ìpayà ni (PTSD lédè Gẹ̀ẹ́sì), àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì ní ìtọ́jú.

Olùkọ́ tí ẹ bá pàdé lè má ní ibi kankan lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló ṣe tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe sí ẹni tó wà ní ipò yín: ó pa iná, ó ní kí ẹ dijú, ó sì fọwọ́ kàn yín láti ẹ̀yìn láìtọrọ ààyè. Nǹkan wọ̀nyí kò ṣàjèjì ní kíláàsì yógà ti gbogboogbò. Yógà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá yàtọ̀ sí i pátápátá. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni David Emerson, olùkọ́ yógà, àti Bessel van der Kolk, dókítà ọpọlọ, ti jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n yọ fífọwọ́kanni kúrò. Wọ́n yọ àṣẹ kúrò lẹ́nu olùkọ́, tó fi jẹ́ pé “bí ẹ bá fẹ́” àti “ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ wò” ló kù. Kò sí ẹni tó ń wo ìdúró ẹnikẹ́ni bóyá ó gún tàbí kò gún. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹni náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ, ibi tó le, ibi tó gbóná, ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì pinnu ohun tó fẹ́ ṣe sí i. Ẹni tí wọ́n bá fi ipá ṣe ní ibi, àṣẹ lórí ara rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Dídá àṣẹ yẹn padà fún un, díẹ̀díẹ̀, ni gbogbo ètò náà dá lé lórí, ìdúró àti ìtẹ̀ríba tí ẹ ń rí kàn jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀ ni.

Ní ọdún 2014 kan náà, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin 64 tí àìsàn yìí ti bá fínra pẹ́, tí ìtọ́jú tí wọ́n ti gbà kò sì tíì tó. Apá kan wọn ṣe yógà yìí ní wákàtí 1 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, apá kejì gba ẹ̀kọ́ nípa ìlera obìnrin fún iye àkókò kan náà. Nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní òpin rẹ̀, 16 nínú 31 tó ṣe yógà ni wọn kò rí àìsàn náà lára wọn mọ́. Ní apá kejì, 6 nínú 29 ni. Ìwádìí kékeré ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Mo ti jókòó rí nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní Kubwa, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n sì to àga oníke sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ẹni tí kò bá fẹ́ jókòó sílẹ̀. Ìyá kan gbé àga tirẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà, kò sì gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí itan. Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan sí i. Nígbà tí olùkọ́ ní, “Bí ó bá wù yín, ẹ lè gbé èjìká sókè, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀,” ìyá yìí kò gbé e. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ó gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì tún gbé báàgì rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó ṣe é, kò sì sẹ́ni tó yìn ín pé ó ṣe é. Bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọrùn tí ìyá yẹn fúnra rẹ̀ yí ni n óò tọ́ka sí.

Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ pe olùkọ́ lórí fóònù. Ẹ bi í bóyá yóò fọwọ́ kàn yín, bóyá ẹ lè jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, bóyá ẹ lè la ojú sílẹ̀, bóyá ẹ sì lè dìde kúrò nígbàkigbà láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ń fà sẹ́yìn lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ má lọ. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ lọ rí dókítà. Ilé-ìwòsàn ìjọba ní Karu, tí kò jìnnà sí yín, ní àwọn tó ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín lọ. Ìfẹ́ ló fi mú yín lọ sí ibi àkọ́kọ́, ẹ má bínú sí i.

Ìbéèrè

Àsàlámù àlékùm. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ajínigbé mú ìyàwó mi lójú ọ̀nà Abuja sí Kàdúná, ó sì wà lọ́wọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó rí owó kó jọ. Láti ìgbà tó ti dé, kì í sùn, kì í sì í jẹ́ ká pa iná. Nọ́ọ̀sì kan dábàá yógà yìí fún wa, ṣùgbọ́n àáfà àdúgbò ní ìbọ̀rìṣà àwọn ará Íńdíà ni. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, báwo ni mo ṣe lè mú un lọ, nítorí òun náà kò fẹ́ lọ?
Bàbá onímọ́tò, Kàdúná

Ìdáhùn

Ẹ kú ìdúró tì í, ẹ sì kú oríire pé ó padà wálé. Àáfà yín kò parọ́ lórí ibi tí yógà ti wá. Íńdíà ni, inú ẹ̀sìn àti ìmọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ló sì ti dàgbà láti ayé àtijọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò bá ẹ̀sìn tan láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ òótọ́. Àwọn Mùsùlùmí níbòmíràn ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ṣáájú wa. Ní ọdún 2008, ìgbìmọ̀ fatwa orílẹ̀-èdè Malaysia kéde pé èèwọ̀ ni yógà tó bá da ìdárayá pọ̀ mọ́ ìjọsìn àti gbólóhùn ìjọsìn. Kò pẹ́ tí olórí ìjọba wọn fi ṣàlàyé pé Mùsùlùmí tó bá ń ṣe ìdárayá rẹ̀ lásán, láìpe ohunkóhun, lè máa bá tirẹ̀ lọ. Nínú irú tí a ń sọ yìí, kò yẹ kí orin ìjọsìn wà, kò yẹ kí ère wà, kò sì yẹ kí olùkọ́ máa pe ìdúró ní orúkọ tí ẹ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ lè mú àáfà lọ kó fojú ara rẹ̀ wò ó. Bí ọkàn yín kò bá sì balẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀nà.

Apá kejì ìbéèrè yín ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àwọn ẹlòmíràn ló ń pinnu ìgbà tí ìyàwó yín yóò jókòó, ìgbà tí yóò dìde, ìgbà tí yóò mu omi, ìgbà tí yóò dákẹ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá tún wá pàṣẹ fún un, bó ti wù kí ìfẹ́ inú àṣẹ náà pọ̀ tó, ara rẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nǹkan kékeré inú ilé. Ẹ bi í bóyá kí ilẹ̀kùn yàrá wà ní ṣíṣí tàbí ní títì. Ẹ bi í ibi tó fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí. Bí ó bá ní kí iná wà ní títàn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, bí iná ìjọba bá sì ń lọ lóru, ẹ ra fìtílà alágbára oòrùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń sùn sí. Ẹ má dédé yọ sí i láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn yín kí ẹ tó wọlé.

Ilé-ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa ní Kàdúná, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ó wà, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣe tán láti bá a lọ nígbàkigbà tó bá wù ú, kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló yí èyí padà: bí ó bá sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tí ẹ bá rí i pé ó ń wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀ lára, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè

Ẹ káàárọ̀ o, mà. Àgùnbánirọ̀ ni mí ní agbègbè Bwari. Mo kọ́ yógà nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Abúlé Gbàgyì kan wà nítòsí ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Wọ́n ti ṣí àwọn ènìyàn ibẹ̀ nípò kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, àwọn ajínigbé sì tún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo fẹ́ kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ní yógà tó ń wo ọgbẹ́ ọkàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìdàgbàsókè tí ìjọba ní ká ṣe. Baálẹ̀ gbọ́ mi tán, ó wá bi mí pé, “Ta ló sọ fún ọ pé a kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú ara wa?” Mi ò rí èsì fọ̀. Kí ni kí n ṣe?
Àgùnbánirọ̀, Bwari

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kò fi ìbínú kúrò níwájú bàbá yẹn, o sì tún ṣeun tí o mú ìbéèrè rẹ̀ wá, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, òun ló jinlẹ̀ jù. Ohun tí mo sọ fún ìyá Nyanya nípa àṣẹ tí ènìyàn kan ní lórí ara rẹ̀ ni bàbá yìí ń sọ nípa odindi ìlú rẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí o dúró lé. Nígbà tí òfin ọdún 1976 sọ agbègbè Abuja, tí Bwari wà nínú rẹ̀, di olú-ìlú, àwọn Gbàgyì, Koro, Gade, Bassa àti àwọn mìíràn ni wọ́n bá lórí rẹ̀. Wọ́n ṣí àwọn ará Wuse lọ sí ibi tí à ń pè ní Sabon Wuse ní ìpínlẹ̀ Niger, orúkọ ìlú wọn sì kù sílẹ̀ fún ọjà àti òpópónà ìgboro. Àwa Yorùbá tó ń jẹun ní Abuja, àlejò ni wá lórí ilẹ̀ yẹn, àlejò kì í sì í fi ìkánjú sọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe fún onílé.

Ohun tó jọ ọ́, tó tún burú jù ú lọ, ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn onílẹ̀ ní òkè òkun, ìyẹn àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ wọn kí òyìnbó tó dé. Ní Kánádà, fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n gba àwọn ọmọ onílẹ̀ tó lé ní 150,000 lọ́wọ́ òbí wọn sí àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti ń gbé, tí ìjọba dá sílẹ̀, tí àwọn ìjọ Ọlọ́run sì ń bójú tó. Wọ́n gé irun wọn, wọ́n fi ìyà jẹ wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè abínibí wọn, wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ nínú wọn nílòkulò. Láàárín ìgbà kan náà, láti 1885 títí di 1951, òfin Kánádà ka potlatch léèwọ̀, ìyẹn àpèjẹ ńlá tí àwọn ènìyàn etíkun ìwọ̀-oòrùn fi ń ṣọ̀fọ̀ òkú, tí wọ́n fi ń jẹ oyè, tí wọ́n sì fi ń pín ọrọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1883 sọ ijó ìsìn àti iṣẹ́ àwọn oníṣègùn wọn di ẹ̀ṣẹ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n tó ṣe òfin tó dáàbò bo ẹ̀sìn wọn. Ro ó wò: ìjọba dá ọgbẹ́ sí wọn lára, ó sì gba oògùn tí wọ́n ní lọ́wọ́ wọn. Bí àlejò bá wá dé lẹ́yìn náà tòun ti ẹní yógà lábẹ́ apá, tó ní òun mú ìwòsàn wá, ó di dandan kí àgbàlagbà kan bi í léèrè ohun tí baálẹ̀ bi ọ́.

Ìgbìmọ̀ tí Kánádà gbé kalẹ̀ láti tú òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà síta fi ìpè 94 síta ní ọdún 2015 nípa ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ìkejìlélógún nínú wọn ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Ó ní kí àwọn tó wà nídìí ètò ìlera mọ rírì ọ̀nà ìwòsàn àwọn onílẹ̀, kí wọ́n sì lò ó fún àwọn aláìsàn tó jẹ́ onílẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn oníṣègùn àti àgbààgbà wọn, níbi tí aláìsàn bá ti béèrè fún un. Wo bí ó ṣe parí: níbi tí aláìsàn bá ti béèrè fún un. Àgbààgbà ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ, aláìsàn náà ní tirẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ yógà, tí wọ́n sì ń lò ó láàárín àwọn ènìyàn tiwọn, ní ẹ̀gbẹ́ ìlù, àdúrà àti ìjókòó àwọn àgbà. Yógà wọ ilé wọn nítorí pé àwọn ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní Ọsirélíà, màmá kan wà tó ń jẹ́ Miriam-Rose Ungunmerr-Baumann, onílẹ̀ láti ẹkùn Odò Daly, tí wọ́n fi ṣe Àgbàlagbà Ọdún ní orílẹ̀-èdè náà ní 2021. Ó ti kọ́ ayé nípa ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní dadirri: kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó tẹ́tí sílẹ̀ tinútinú, kí ó dúró de nǹkan ní àkókò rẹ̀ láìkánjú. Kò sí ìdúró kankan tí a ní láti kọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ó súnmọ́ ohun tí àwọn ará Massachusetts tó ṣètò yógà yìí ń wá ju ọ̀pọ̀ kíláàsì olówó ńlá lọ.

Àwa náà ní ìtàn tiwa. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, l'Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ fi ń gbé ní abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà lójú mọmọ, tí wọ́n sì ń padà sáàárín àwọn ará abúlé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó bá wọn jókòó, ó sì kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Dókítà tó gboyè ní ìlú òyìnbó ni, kò sì rò pé abúlé kò ní ohun tó lè fi ran òun lọ́wọ́.

Nítorí náà, padà lọ bá bàbá yẹn. Má gbé ẹní lọ. Sọ fún un pé ìbéèrè ló mú ọ wá: nígbà tí nǹkan bá bà yín lọ́kàn jẹ́ níhìn-ín, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ta ni ẹ máa ń lọ bá? Èwo nínú rẹ̀ ni ẹ kò rí ṣe mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí yín nípò? Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè, wo ohun tí ọwọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Yọ náírà 20 kan jáde, kí o yí i sẹ́yìn: Ladi Kwali ni o máa rí níbẹ̀, amọ̀kòkò ọmọ Gbàgyì láti Kwali. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Amọ̀ tí wọ́n yí gbọọrọ ló fi ń mọ ìkòkò ńlá, tí yóò máa lẹ ọ̀kan mọ́ orí èkejì, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa rìn yí ìkòkò náà po bí ó ti ń ga sókè, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, èémí àti ojú ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń mọ ọ́n ló sì ń pinnu bí yóò ṣe yá tó. Mi ò sọ pé mímọ ìkòkò ń wo àìsàn ìpayà. Ohun tí mo sọ ni pé bí obìnrin abúlé yẹn bá sọ pé ìdí amọ̀ tàbí ìdí ọlọ ni ara òun ti ń rọlẹ̀, kì í ṣe ìwọ ni yóò sọ fún un pé orí ẹní ló tọ́ kó ti rọlẹ̀.

N kò ní kí o gbé gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ lórí. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tú u síta bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé àdúrà, ní ilé kéwú àti ní àwọn ibi ìtọ́jú ti ìjọba pẹ̀lú. Ohun kan náà ni mo fi ń wọn gbogbo wọn: ṣé ẹni tí wọ́n ń tọ́jú lè sọ pé rárá, kí wọ́n sì gbọ́? Ibi tí kò bá ti lè sọ ọ́, bó jẹ́ ti òyìnbó, bó jẹ́ tiwa, má bá wọn dá sí i.

Bí àwọn obìnrin náà bá wá sọ pé àwọn fẹ́ mọ yógà yìí, jẹ́ kí wọ́n yan ọjọ́ àti ibi. Wá obìnrin méjì tàbí mẹ́ta láàárín wọn tí o máa kọ́ láti máa darí rẹ̀ ní èdè Gbàgyì, nítorí pé ọdún kan ni àgùnbánirọ̀ ń lò, wàá sì lọ. Má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni fún ìròyìn iṣẹ́ rẹ. Má bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìtàn ẹni kì í ṣe owó ìwọlé. Kí o sì ti bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan sọ ọ́ ṣáájú, kí o lè mọ ibi tí o máa darí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára rẹ lọ sí. Bí wọ́n bá sì ní àwọn kò fẹ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o bi wọ́n bóyá iṣẹ́ mìíràn wà tí wọ́n fẹ́ kí o bá wọn ṣe. Ó lè jẹ́ kànga ni.

Ìbéèrè

Ẹni ọdún 63 ni mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì ń dùn mí. Ṣé mo lè ṣe é?
Ìyá àgbà, Gwarinpa

Ìdáhùn

Ẹ lè ṣe é lórí àga, mà, lẹ́yìn tí dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe ìdúró tí orí ń rẹlẹ̀ ju àyà lọ, ẹ má sì ṣe há èémí mọ́ àyà. Àwọn tí ojú wọn ní ìṣòro gílákómà náà kò gbọ́dọ̀ dorí kodò. Bí orúnkún bá ké, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fara dà á.

Ìbéèrè

Jos ni mo ń gbé. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 2010, tí wọ́n pa ènìyàn lójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ni àlá burúkú ti ń dà mí láàmú. Dókítà ti fún mi ní oògùn, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ yógà tí mo dara pọ̀ mọ́ ní kí n dá oògùn dúró, pé yógà nìkan tó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí sí i? Ǹjẹ́ ohun kan sì wà tí mo lè máa ṣe nílé lóru?
Akẹ́kọ̀ọ́, Jos

Ìdáhùn

Má dá oògùn dúró, ọmọ mi. Dídá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì lè ṣe ọ́ ní jàǹbá, dókítà tó kọ ọ́ fún ọ nìkan ló sì lè bá ọ dín in kù. Àwọn obìnrin inú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lókè kò fi ìtọ́jú wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe yógà, ṣe ni wọ́n fi yógà kún un. Ẹni tó ní kí o fi oògùn sílẹ̀ ti kọjá àyè rẹ̀, bí ó bá sì tún sọ ọ́, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ní ti òru, bí àlá bá jí ọ, tan iná, kí o sì jókòó sórí àga tó le, níbi tí o ti lè rí ẹnu ọ̀nà. Má dijú. Jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí o sì máa gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe tutù tó. Pe orúkọ nǹkan tí o ń rí nínú yàrá síta, kọ́bọ́ọ̀dù, aago, bàtà, kí ara lè mọ̀ pé òní ni, Jos ọdún yìí ni. Lẹ́yìn náà, mí wọlé bí o ṣe máa ń mí, kí o sì jẹ́ kí èyí tó ń jáde pẹ́ díẹ̀ ju èyí tó wọlé lọ, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kí ó lè tutù. Èémí tó ń jáde pẹ́ a máa dẹ ìlù àyà lọ́wọ́. Ṣe é fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí àyà rẹ bá ń já sí i dípò kó rọlẹ̀, ó ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ: fi mímí náà sílẹ̀, dìde, rìn káàkiri yàrá, bọ ọwọ́ rẹ sínú omi tútù, kí o sì sọ ọ́ fún dókítà nígbà tí o bá tún lọ rí i.